Ìwé Ọba, Ìwé Agbára: Ìbéèrè Tí Àwọn Òǹkàwé Máa Ń Bi Wá ní Adó-Ekìtì

Ọjọ́ Sátidé ni àwa díẹ̀ máa ń jókòó ka ìwé pọ̀ ní Adó. Ìwé ọba ni a ń kà jù. Bí ẹni tuntun bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn wọn.

Kí ni ẹ ń pè ní ìwé ọba?

Ìwé yòówù tí ọ̀rọ̀ adé, oyè tàbí ìjàdù agbára bá jẹ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwé ìtàn, ó lè jẹ́ eré orí ìtàgé, ó sì lè jẹ́ ìtàn àròsọ. Kò pọn dandan kí ọba ni olú ẹ̀dá ìtàn. Baṣọ̀run Gáà kò dé adé rí, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kò dé adé, Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, náà kò dé e. Síbẹ̀, ta ló lè sọ̀rọ̀ agbára nílẹ̀ Yorùbá kí ó fo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá?

N kò ka irú rẹ̀ rí. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi *Baṣọ̀run Gáà* bẹ̀rẹ̀, eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ. Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ pé, “Bí o láyà, o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sòótọ́.” Eré yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Gáà ni olórí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè tó ń yan ọba Ọ̀yọ́, ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń yọ wọ́n bí ẹni yọ jìgá. Samuel Johnson kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ 130 péré ni ọ̀kan nínú wọn, Awónbíojú, lò lórí ìtẹ́. Abíọ́dún tó jẹ kẹ́yìn tẹ orí ba, ó ń fara dà á, títí ó fi rẹ́yìn Gáà ní 1774.

Ẹ má kà á sínú o. Ẹ pín ẹ̀dá ìtàn láàrin ara yín, kí ẹnì kan ṣe Gáà, kí ẹnì kan ṣe Abíọ́dún, kí ẹ kà á sókè. Etí ni a fi ń jẹ adùn rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú *Ọba Kò So* ti Dúró Ládiípọ̀. Ìjà Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkà, ni, ṣùgbọ́n oríkì, ọfọ̀ àti orin ló gbé e ró. Ní 1964, wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní Jámánì, èdè Yorùbá náà ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ìtàn àròsọ ni ẹ fẹ́, Fálétí náà ló kọ *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* ní 1969, ìtàn àwọn tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ tí ìsìn sú.

Ṣé Yorùbá ni gbogbo wọn, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Àwọn eré tó dára jù wà ní Yorùbá. Àwọn ìwé ìtàn ńláńlá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá. Láàrin wa, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa a máa túmọ̀ ojú ewé mélòó kan fún àwọn yòókù, ọ̀rọ̀ a sì dé etí gbogbo wa.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé nínú gbogbo èyí tí a ti kà, kò sí ọ̀kan tí ọba Ekìtì ti ń fi ẹnu Ekìtì sọ̀rọ̀. Nílé ẹni, “ulé” là ń pe ilé, “uṣu” là ń pe iṣu. Bí ẹ bá ṣí ìwé, Ajerò, ọba Ìjerò, a máa fọhùn bí ará Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá máa kọ ọ́ wà níbìkan, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ ìwé ìtàn sí eré tí wọ́n gbé ka ìtàn?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n fi *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Nínú eré náà, Ìyálóde Ìbàdàn ò fẹ́ kí ẹrú kankan nínú ilé òun bímọ. Adétutù lóyún, Ìyálóde sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí ìlú dìde sí i, ó gbé májèlé jẹ. Ẹni tó bá wo eré yìí tán, tí ó bá ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òun pàdé irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kò ṣìwí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun tí Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòóṣà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀ ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń darí bọ̀. Ẹ̀sùn olóṣèlú ni èyí. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lo àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru. Kò sí májèlé níbẹ̀.

Ṣé Ìṣọ̀lá wá purọ́ ni? Rárá. Eré ló kọ. Ó fẹ́ kí a rí ohun tí ọrọ̀ àti ìbànújẹ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú lórí ìkúnlẹ̀ lè sọ ènìyàn dà bí kò bá sí ẹni tó lè dá a lọ́wọ́ kọ́. Àwa òǹkàwé ló máa ń ṣe àṣìṣe, tí a máa ń gbé eré lọ sí kíláàsì bí ẹni pé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ni. Ẹ ka méjèèjì. Bí ẹ bá ka eré nìkan, ẹ ti dá Ẹfúnṣetán lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ta ni Johnson tí gbogbo ènìyàn ń dárúkọ yìí?

Àlùfáà CMS ni, ìyẹn ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n bí i ní Sàró ní 1846, ó wá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, òun ló sì kọ *The History of the Yorubas*. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1916 tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ sókè òkun, ọkọ̀ ogun Jámánì mú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e, ìwé bá ara rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, Obadiah náà sì ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni kò rí i. Mi ò lè gbé ìwé náà lọ́wọ́ kí n má rántí èyí.

Kí ló dé tó jẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló kún inú ìwé? Ekìtì ńkọ́?

Ẹ wo ibi tí òǹkọ̀wé jókòó sí. Ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin, ìyẹn àwọn òpìtàn ààfin Ọ̀yọ́, ni Johnson ti gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ sí etí ẹni ni ẹni yóò kọ sínú ìwé. Àwọn tó kọ eré lẹ́yìn rẹ̀ sì bu omi nínú kànga rẹ̀.

Ìdí kejì wà nínú ìlú tiwa. Ọ̀yọ́ ní ìtẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń wárí fún. Ekìtì jẹ́ aládé mẹ́rìndínlógún. Ewì wà ní Adó, Ajerò ní Ìjerò, Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, Ẹlẹ́kọ̀lé ní Ìkọ̀lé, Òòrè ní Ọ̀tùn, Alárá ní Aramọkọ, kò sì sí ẹni tó ń sìn ẹnì kejì. Ìtàn ọba kan a máa rọrùn láti fi ṣe eré. Ti mẹ́rìndínlógún tí oníkálukú ní òkè tirẹ̀, ìyẹn ṣòro. Èmi rò pé inú ìṣòro yẹn gan-an ni adùn rẹ̀ wà, torí ìbéèrè tí àwọn baba wa ń dáhùn yàtọ̀: báwo ni ọba púpọ̀ ṣe lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láìsí pé ẹnì kan jẹ ẹnì kan mì?

Ìwé wo ló wá sọ ti Ekìtì gan-an?

Ọmọ Adó-Ekìtì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè. Ìwé rẹ̀, *Revolution and Power Politics in Yorubaland, 1840–1893*, jáde ní 1971. Ìbàdàn gòkè àgbà, ó tẹ Ekìtì mọ́lẹ̀, ó fi àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú rẹ̀, sínú ìlú. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹsí dìde sí wọn, Ekìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá para pọ̀, wọ́n di Ekìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà sì ṣíwájú ogun. Ìró ìbọn ogun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Kírìjì. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní September 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ológun tó tú ibùdó ká.

Ẹ fi ti Akíntóyè sí ẹ̀gbẹ́ ti Johnson. Johnson fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n rán láàrin ibùdó méjèèjì láti wá àlàáfíà, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Síbẹ̀, láti ìhà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló ti ń wo Ekìtì. Akíntóyè dúró sórí òkè tiwa, ó ń wo Ìbàdàn. Ogun kan náà ni, ojú méjì ló rí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí náà, tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé ní 1929, kọ̀wé lórí ogun Ìjàyè nínú *Yoruba Warfare in the Nineteenth Century* tí òun àti Robert Smith jùmọ̀ gbé jáde ní 1964. Ẹni tó bá sì fẹ́ ìtàn ìlú kọ̀ọ̀kan, àlùfáà Àgùdà nì, Bàbá Ogúntúyì, ti kọ ìtàn Ekìtì sílẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́.

Ṣé inú ìwé nìkan la ti lè ka ìtàn ọba?

Ní Ekìtì, ara igi náà la ti ń kà á. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀ Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lórí ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n ń gbé òyìnbó aṣojú ìjọba bọ̀, Captain Ambrose. Ẹ wò ó dáadáa: ta ló wá kí ta? Ọba jókòó, àlejò ló ń bọ̀. Ìwé ìròyìn òyìnbó ìgbà náà kò ní sọ ọ́ báyẹn.

Ní 1924, wọ́n kó ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ó sì di ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, British Museum. Ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ Ọlọ́wẹ̀, ẹ ó rí i. Èmi a máa fi han gbogbo ẹni tuntun kí wọ́n tó ṣí ìwé kankan.

Ẹ má gbàgbé Ifá náà. Alárá àti Ajerò wà nínú ẹsẹ Ifá, a kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà.

“Kábíyèsí” ni wọ́n ń kí ọba. Ṣé ó túmọ̀ sí pé ó lè ṣe ohun tó wù ú?

Àwọn àgbà túmọ̀ rẹ̀ sí “kò sí ẹni tó lè bi ọ́.” Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, àṣà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, bí ìlú bá kọ ọba, wọ́n á ní kí ó lọ sùn, ìyẹn ni pé kí ó pa ara rẹ̀, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Nílé wa níbí, àwọn ìjòyè àgbà, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun, àwọn abọrẹ̀ àti èèwọ̀ lóríṣiríṣi ló yí ọba ká.

Ẹ fi èyí ka ìwé. Bí ọba bá sọ̀rọ̀, ẹ wo ẹni tó dákẹ́ níbẹ̀. Nínú *Baṣọ̀run Gáà*, àwọn tó yẹ kí wọ́n dá ọba lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n gba agbára ọba. Ẹni tí ìlú fi ṣe ìdènà ló di ẹ̀rù, ta ló wá máa dá òun náà lọ́wọ́ kọ́?

Ṣé ọba kan wà tó kọ̀wé fúnra rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* ní 1911, Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Ó di Olúbàdàn ní 1955, ó wàjà ní 1964. Nígbà tó ń kọ ọ́, kò tíì jọba.

Ṣé mo lè fún ọmọ mi lára àwọn ìwé yìí?

Ó lè máa ka *Ọba Kò So* láti ọmọ ọdún 10, bí àgbà bá jókòó tì í. *Baṣọ̀run Gáà* àti *Ẹfúnṣetán*, ẹ jẹ́ kó tó ọdún 14 tàbí 15. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú wọn.

Ìwé àwọn òyìnbó lórí ọba ńkọ́?

Ẹ ka *Macbeth*, níbi tí onílé ti pa ọba tó gbà lálejò. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìwé *The Prince* tí Machiavelli kọ ní 1513 kéré, ó sì le. Ìmọ̀ràn ló ń gba ẹni tó fẹ́ di agbára mú, kò sì fi bò. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ní 1532. Ti ilẹ̀ Áfíríkà ni mo fẹ́ràn jù: *Chaka* tí Thomas Mofolo fi èdè Sesotho kọ, tó jáde ní 1925, àti ìtàn Sundiata tí D. T. Niane gbà sílẹ̀ lẹ́nu akéwì tó sì tẹ̀ jáde ní 1960.

Àwọn obìnrin dà nínú ìwé ọba?

Wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kò tó. Nínú èyí tó pọ̀ jù, olorì ni obìnrin, tàbí àjẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n fi rúbọ. Ẹfúnṣetán nìkan kọ́ ló yẹ kí a mọ̀ bí ẹní mowó.

Ní Ekìtì, bí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe adelé. A wọ agbádá ọkùnrin, a so ìlẹ̀kẹ̀ iyùn mọ́rùn, a jókòó síbi tí bàbá rẹ̀ ń jókòó sí, a máa parí ìjà fún ìlú títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Ẹ rò ó wò: ọmọbìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn àgbà tó bí i ń dọ̀bálẹ̀ fún, tó sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọba tuntun bá wọlé ni òun ó bọ́ aṣọ náà. Nínú gbogbo ìwé tí ẹgbẹ́ wa ti kà, kò sí èyí tó fi adelé ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibí tó fẹ́ kọ eré pé ibẹ̀ ni kí wọ́n lọ.

Nínú *Ikú Olókùn-Ẹṣin*, ta lẹ̀bi wà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1975 ni, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nígbà ìjọba òyìnbó ló gbé e kà: ọba wàjà, ó yẹ kí Olókùn-Ẹṣin, ìjòyè rẹ̀, kú tẹ̀lé e, aṣojú ìjọba sì dí i lọ́wọ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè ti ní ìdáhùn lẹ́nu tẹ́lẹ̀: òyìnbó ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kìlọ̀ níwájú ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má kà á bí ìjà àṣà méjì lásán. Ẹ padà sí ọjà níbẹ̀rẹ̀ eré. Kí òyìnbó tó dé ibẹ̀, Olókùn-Ẹṣin ti ń wẹ̀yìn, aṣọ ń wù ú, ìyàwó tuntun ń wù ú. Ọdún gbọọrọ ló fi jẹ adùn oyè náà, tí gbogbo ìlú ń fún un ní ohun tó bá fẹ́, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ọjọ́ náà dé, ẹsẹ̀ wúwo.

Ẹgbẹ́ wa ti jiyàn lórí èyí láti ọ̀sán di alẹ́. Èmi gbà pé ẹ̀bi òyìnbó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti Olókùn-Ẹṣin ló tò sí. Màmá kan láàrin wa ní ìwà ìkà ni àṣà náà, pé ẹni tó dá a dúró kò jẹ̀bi rárá. A kò tíì rí i yí lérò padà.

Ṣé ìwé tó ń fi ọba burúkú hàn kò bu adé kù?

Ẹ ronú kan *Saworoidẹ*, tí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1999. Ọba Làpité kọ̀ láti ṣe orò tó so ọba pọ̀ mọ́ ìlú, ó fẹ́ jẹ oyè láìjẹ́jẹ̀ẹ́. Ta ló bu adé kù níbẹ̀: òǹkọ̀wé ni, àbí ẹni tó dé e láìṣe orò rẹ̀? Àwọn àgbà ní, ọba tó jẹ tí ìlú tòrò, orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́. Ọba tó jẹ tí ìlú tú, orúkọ tirẹ̀ náà kò ní parẹ́. Ẹni tó máa kéde orúkọ méjèèjì la nílò.

Mo fẹ́ kọ ìtàn ìdílé ọba tiwa. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ ṣọ́ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ìtàn náà fún yín. Láti ìgbà òfin oyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 ni ìjọba ti ń kọ orúkọ ìdílé tó lè jọba, bí oyè ṣe ń yí, àti àwọn afọbajẹ sílẹ̀ nínú ìwé. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé ti di ìwé ẹjọ́. Ọba tó jẹ́ ti ìdílé kejì a sì di ẹni tí wọn kò dárúkọ mọ́.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ìdílé kejì pẹ̀lú. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ tiwọn. Ẹ béèrè oríkì, torí ó ṣòro láti yí oríkì padà ju ìtàn lọ, àwọn obìnrin ilé tó ń kì í yóò tètè mọ̀ bí ẹsẹ kan bá yí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn abọrẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọọba nìkan.

Níbi tí ìtàn méjì bá ti takora, ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ìdílé rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí kí ẹ tó gbé e lọ tẹ̀. Bí wọ́n bá bínú sí ibì kan, ẹ kọ ìbínú náà sílẹ̀ pẹ̀lú.